Owó Fàdákà Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Ka Ojú Rẹ̀, Bí A Sì Ṣe Ń Mọ Ojúlówó

Lóṣù kẹwàá ọdún 2025, iye fàdákà kọjá dọ́là 50 fún áúńsì kan lọ́jà àgbáyé, ó sì ré kọjá ibi tó ga dé lọ́dún 1980. Láti ìgbà náà ni àwòrán owó àtijọ́ ti ń kiri orí WhatsApp. Ẹnìkan tú àpótí ìyá àgbà, ó bá ṣílè mélòó kan nínú àkísà tí wọ́n fi dì í. Ẹlòmíràn ra tirẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè wọn kì í ju méjì lọ: ṣé fàdákà gidi ni, èló ni wọ́n sì máa rà á?

Ohun tó máa ń ká mi lára nínú àwọn àwòrán yẹn ni pé ọ̀pọ̀ owó náà ti ń dán gbinrin kí ẹni tó ni ín tó béèrè ohunkóhun. Wọ́n ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi eérú tàbí ọṣẹ ìfọyín bó o. Ìdáhùn tí wọ́n ń wá sì wà lára ohun tí wọ́n fọ̀ dànù yẹn. Ojú owó, ìyẹn ìpele tín-ín-rín tó wà lókè pátápátá, ni ẹlẹ́rìí tó mọ bí owó náà ti pẹ́ tó, tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, tó sì mọ bóyá ayédèrú ni. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé omi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á.

## Owó wo ló jẹ́ fàdákà, èwo ló kàn funfun lásán?

Owó fàdákà ni owó ẹyọ tí wọ́n fi fàdákà ṣe. Wọn kì í sábà lo fàdákà nìkan, torí ó rọ̀, kì í sì í pẹ́ gbó lọ́wọ́ àwọn tó ń ná an. Bàbà ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn kó lè le. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé nínú ìdá 1,000, ìdá 925 gbọ́dọ̀ jẹ́ fàdákà, kí 75 tó kù jẹ́ bàbà.

Owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí gan-an ni wọ́n ń ná l'Ékòó àti ní àgbègbè rẹ̀ kí ilẹ̀ wa tó ní tirẹ̀. Lọ́dún 1912, ìjọba amúnisìn dá àjọ West African Currency Board sílẹ̀ láti máa pèsè owó fún Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà lónìí, Sàró àti Gáḿbíà. Lọ́dún 1913 ni owó tuntun náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́rin ló jẹ́ fàdákà nínú rẹ̀: tọ́rọ́ (pẹ́nì mẹ́ta), sísì (pẹ́nì mẹ́fà), ṣílè kan àti ṣílè méjì. Orí Ọba George Karùn-ún tó dé adé wà lójú kan. Lójú kejì ṣílè kan àti ṣílè méjì, igi ọ̀pẹ ló dúró níbẹ̀, pẹ̀lú BRITISH WEST AFRICA tí wọ́n kọ sí i. Bí ẹ bá rí lẹ́tà H kékeré lójú igi ọ̀pẹ yẹn, ilé iṣẹ́ Heaton nílùú Birmingham ló ṣe é. Èyí tí kò ní lẹ́tà kankan wá láti Royal Mint ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní parí, fàdákà wọ́n gógó débi pé fàdákà inú ṣílè níye lórí ju ṣílè fúnra rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1920, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà, ọdún tó wà lára owó ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ṣílè British West Africa tó ní ọdún 1913 dé 1919 lára, fàdákà ló yẹ kó jẹ́. Ti 1920, ẹ ní láti wò ó dáadáa, torí ọdún ìyípadà ni. Èyí tó bá ti tó 1922 sókè, idẹ ni. Bí ẹnìkan bá gbé ṣílè ọdún 1927 wá, tó funfun báláú, ẹnìkan ló da fàdákà tàbí níkẹ̀lì bò ó lójú.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Kọ́bọ̀ ayé amúnisìn (ìyẹn pẹ́nì), eépìnnì àti ọ̀níní tó ní ihò láàárín, tó sì funfun, ṣùgbọ́n kò sí fàdákà níbẹ̀. Bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ̀lì ni. Tọ́rọ́ Ọba George Kẹfà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1938 rí bẹ́ẹ̀. Sísì, ṣílè kan àti ṣílè méjì Nàìjíríà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1959, tí orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wà lára wọn, bàbà àti níkẹ̀lì náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́bọ̀ mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ 25 tó bá náírà wọlé lọ́dún 1973. Lójú tèmi, jìbìtì tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa kì í ṣe ti ẹni tó jókòó ṣe ayédèrú. Ti ẹni tó gbé owó níkẹ̀lì tó jẹ́ ojúlówó owó, tó wá ń tà á ní fàdákà ni.

Fún àwọn ará wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń bá owó ibẹ̀ pàdé: títí dé 1919, fàdákà 925 ni. Láti 1920 dé 1946, wọ́n dín in kù sí ìdajì. Láti 1947, fàdákà kúrò nínú owó tí wọ́n ń ná lọ́jà.

## Kí ló dé tó fi ń dúdú?

Fàdákà kì í dógùn-ún bí irin. Imí ọjọ́ ló ń bá a jà. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, nínú èéfín, lára ẹyin, lára rọ́bà, lára aṣọ irun àgùntàn àti lára páálí olówó pọ́ọ́kú. Bó bá ti kan fàdákà, awọ tín-ín-rín kan á yọ lójú rẹ̀. Awọ yìí á kọ́kọ́ fúnni ní àwọ̀ yẹ́lò tó ṣì mọ́lẹ̀, á di bíi wúrà, á pọ́n, á wá di búlúù, kó tó di eérú tàbí dúdú pátápátá. Bí awọ náà ṣe ń nípọn sí i ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà.

Ẹ kíyè sí bí àwọ̀ náà ṣe tò. Lára owó tó dúdú fúnra rẹ̀, ó máa ń wọ inú ara wọn díẹ̀díẹ̀: etí lè ṣókùnkùn ju àárín lọ, abẹ́ lẹ́tà lè ní búlúù díẹ̀, ojú tó kọjú sí aṣọ tí wọ́n fi dì í lè yàtọ̀ sí ojú kejì. Owó méjì tó ti wà nínú àkísà kan náà fún 60 ọdún kì í ní àwọ̀ kan náà pátápátá.

Àwọ̀ ewé jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bàbà inú owó náà ló ń mú un jáde bí òógùn tàbí ọ̀rinrin bá ń wọ̀ ọ́. Bó bá gbẹ, tó sì le, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Bó bá ń yọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n fi tọ́jú owó náà ló ń jẹ ẹ́, kíá ni kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Owó tó ti wà nínú ilẹ̀ sì lè ní èépá tó le, tó ní àwọ̀ eérú tàbí ti ilẹ̀. Èépá yẹn jẹ́ fàdákà tí iyọ̀ inú ilẹ̀ ti sọ di nǹkan mìíràn, kì í ṣe ìdọ̀tí tó kàn lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ha á kúrò ń ha ojú ọba àti lẹ́tà pọ̀ mọ́ ọn.

## Dídán wo ni dídán gidi?

Wọ́n máa ń tẹ owó láàárín òǹtẹ̀ irin méjì pẹ̀lú agbára ńlá. Bí òǹtẹ̀ bá ti balẹ̀, fàdákà á sún láti àárín lọ sí etí, á sì fi àwọn ìlà tí ojú lásán ò lè rí sílẹ̀. Àwọn ìlà wọ̀nyí ló ń fún owó tuntun ní dídán rẹ̀. Bí ẹ bá gbé owó tí wọn ò tíì ná púpọ̀ sábẹ́ iná kan ṣoṣo, tí ẹ sì ń yí i díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ máa pín sí ọ̀já-ọ̀já, á sì máa yí po lójú rẹ̀. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ kì í fi eré wá ìran yẹn. Òun ni ẹ̀rí tó dára jù pé ojú owó náà ṣì jẹ́ èyí tó bá kúrò lábẹ́ òǹtẹ̀. Ó sì lè wà níbẹ̀ lábẹ́ àwọ̀ dúdú.

Ohunkóhun tó bá bó ojú owó, àwọn ìlà yẹn ló kọ́kọ́ ń mú lọ. Ó rí bí ìgbà tí ẹnìkan fi kànrìnkàn fọ aṣọ sányán: ìdọ̀tí á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dídán tó wà lára òwú kò ní padà wá mọ́, kò sì sí alágbàfọ̀ tó lè dá a padà. Dídán tó kù lẹ́yìn ìfọ̀ máa ń rí pẹrẹsẹ. Ibi gbogbo lára owó á dán bákan náà, ìmọ́lẹ̀ ò ní yí. Bí ẹ bá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ẹ máa rí ìlà wẹ́wẹ́ tó tò ní apá kan náà, ibi tí àkísà tàbí kànrìnkàn gbà kọjá. Inú kọ́lọ́fín lẹ́tà àti abẹ́ adé á ṣì ní dúdú tó kù, tàbí ẹ̀fun ọṣẹ ìfọyín tó ti gbẹ síbẹ̀.

Omi oògùn tí wọ́n ń ta fún fífọ fàdákà, tí wọ́n á ri owó bọ̀, kì í fi ìlà sílẹ̀. Ó máa ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá bó awọ dúdú kúrò, ó ń bó fàdákà díẹ̀ pẹ̀lú, torí fàdákà inú owó gan-an ló di awọ náà. Owó tí wọ́n ti rì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, máa ń funfun gbúùgbúù, ojú rẹ̀ á sì kú.

## Gbígbó, ọgbẹ́, àti àléébù àtilẹ̀wá

Owó tí wọ́n ti ná gan-an máa ń gbó láti ibi tó yọ sókè jù. Lára ṣílè Ọba George Karùn-ún, ẹ wo òkè adé, ìpéǹpéjú, irùngbọ̀n, kí ẹ sì yí i wo ara igi ọ̀pẹ. Bí ìlà inú irùngbọ̀n bá ti parẹ́, tí gbogbo rẹ̀ di pẹlẹbẹ, ọwọ́ pọ̀ tó ti fọwọ́ kàn án.

Àmọ́ nígbà mìíràn, òǹtẹ̀ ni kò balẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ibi tó yẹ kó yọ sókè kò sì yọ. Ojú lásán lè pe èyí ní gbígbó. Ẹ yí i sábẹ́ iná: bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣì ń kọjá lórí ibi pẹlẹbẹ náà láìdúró, òǹtẹ̀ ló jẹ̀bi. Bí ibẹ̀ bá ní àwọ̀ òjé tó yàtọ̀ sí ti àyíká rẹ̀, ó ti gbó.

Ọgbẹ́ ni ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe sí owó. Ọ̀pọ̀ ṣílè fàdákà ló gba ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kọjá nílẹ̀ wa. Wọ́n yọ́ àwọn kan, wọ́n fi rọ ẹ̀gbà àti òrùka. Wọ́n lu àwọn mìíràn ní ihò, wọ́n fi kọ́ ọrùn, tàbí kí wọ́n jó etí mọ́ ọn. Ihò yìí kì í sọ owó di ayédèrú. Àwọn olùkówójọ kì í san púpọ̀ fún un, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé kí ìdílé kan tìtorí ìyẹn yọ́ ọ. Ṣílè tó ní ihò, tí ìyá kan fi sí ọrùn ọmọ rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó ní ìtàn tí èyí tó wà láìlábàwọ́n nínú àpótí ilé ìfowópamọ́ kò ní.

Ẹ ó máa gbọ́ nọ́ńbà lẹ́nu àwọn tó ń ta owó: 45, 58, 63. Ìwọ̀n láti 1 dé 70 ni, tí William Sheldon ará Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1949 fún owó bàbà ilẹ̀ wọn, tí wọ́n wá ń lò fún gbogbo owó. 1 ni èyí tí a kàn lè dá mọ̀ ṣákálá, 70 ni èyí tí kò ní àbùkù kankan, 60 sókè sì ni èyí tí wọn ò ná rí. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi PCGS àti NGC máa ń wo owó, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á sì tì í pa sínú páálí rọ́bà líle. Bí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti fọ owó náà tàbí lù ú ní ihò, wọn kì í fún un ní nọ́ńbà. Wọ́n á kọ DETAILS sí i, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè gbé ìdajì iye owó náà lọ.

## Báwo la ṣe ń mọ ojúlówó nínú ilé?

Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Àwọn oníṣòwò wúrà ní òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, kò sì wọ́n. Tọ́rọ́ fàdákà gbọ́dọ̀ wọn gíráàmù 1.41, sísì, 2.83; ṣílè kan, 5.66, ṣílè méjì, 11.31. Owó tó ti gbó lè fúyẹ́ díẹ̀, ìyẹn kò burú. Èyí tó bá wúwo jù ló yẹ kó kọ yín lóminú, torí kò sí bí ọwọ́ àwọn èèyàn ṣe lè fi ẹrù kún owó. Fífẹ̀ rẹ̀ náà ṣe pàtàkì: ṣílè kan fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 23 àti ààbọ̀, ṣílè méjì tó 28 àti ààbọ̀.

Ayédèrú tó mọ́gbọ́n dání lè bá ìwọ̀n mu. Ìgbà yẹn ni omi ń wúlò. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so owó, kí ẹ rì í sínú omi náà láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Nọ́ńbà tó bá yọ ni ìwọ̀n omi tí owó náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi pín ìwọ̀n tí owó náà wọn nígbà tó gbẹ. Ṣílè méjì tó jẹ́ fàdákà 925 á ti nǹkan bíi 1.09, ẹ ó sì rí 10.3 tàbí 10.4 gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Bó bá jẹ́ bàbà àti níkẹ̀lì tó ní ìwọ̀n kan náà, omi tó máa tì á tó 1.27, ìdáhùn á sì jẹ́ 8.9. Idẹ á sún mọ́ 8.5. Òjé ju fàdákà lọ: 11.3. Ọ̀nà yìí kì í ba owó jẹ́, ó sì ṣòro láti tàn. Ẹ kàn fi aṣọ rírọ̀ fa omi ara rẹ̀ láìfi nù ún.

Irin òòfà ńkọ́? Òòfà kì í fa fàdákà. Bí owó yín bá lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ti parí, irin tàbí níkẹ̀lì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má tíì yọ̀, torí òòfà kì í fa bàbà, idẹ tàbí òjé náà. Mo rí àwọn tó ń fi fídíò òòfà ta owó bí ẹni pé ẹ̀rí fàdákà ni. Kì í ṣe ẹ̀rí fàdákà.

Ìró rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbé owó sórí ìka, kí ẹ fi igi pẹ́ńsù kàn án ní etí: fàdákà á ké fínnífínní, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó rọlẹ̀, òjé á kàn dún kọ̀. Má ṣe jù ú lu kọnkéré bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe lọ́jà nígbà tó ṣì jẹ́ owó níná. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha á sórí òkúta tàbí kán ásíìdì sí i. Alágbẹ̀dẹ tó fẹ́ yọ́ ọ ni irú ìdánwò yẹn wà fún.

## Èyí tí wọ́n tẹ̀ àti èyí tí wọ́n dà

Ojúlówó owó ìgbà náà, òǹtẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ayédèrú, ńṣe ni wọ́n yọ́ irin, tí wọ́n dà á sínú ẹ̀dà owó gidi tí wọ́n tẹ̀ sínú amọ̀ tàbí yanrìn. Lẹ́tà owó tí wọ́n tẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán, igun rẹ̀ á mú. Lẹ́tà owó tí wọ́n dà máa ń yíyọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò. Ojú pẹrẹsẹ tó wà láàárín lẹ́tà àti orí ọba máa ń ní ihò tín-tìn-tín níbi tí afẹ́fẹ́ há sí. Ẹ wo etí owó náà pẹ̀lú. Etí ṣílè kan àti ṣílè méjì ní ìlà wẹ́wẹ́ tó tò déédéé yí i ká. Bí ìlà kan bá gba àárín etí kọjá bí ojú rírán, tàbí tí wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ ibì kan, ibẹ̀ ni ìdajì méjèèjì ti pàdé.

Ìtàn wa wọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nígbà tí ṣílè idẹ gba ipò ṣílè fàdákà, iṣẹ́ ayédèrú rọrùn fún ẹni tó bá mọ idẹ dà, iṣẹ́ yẹn sì ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Láàárín ọdún 1920 sí 1940, ayédèrú owó di ọ̀ràn ńlá fún ìjọba amúnisìn ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n sì ń tọ́ka sí jù. Bí ẹ bá bá irú ayédèrú ìgbà náà nínú àpótí, ẹ má sọ ọ́ nù. Òun fúnra rẹ̀ ti di ohun ìtàn, àwọn kan sì ń wá a rà.

Àwọn ayédèrú òde òní tún ní ọgbọ́n mìíràn: wọ́n ń fi ojúlówó owó kan ṣe òǹtẹ̀ tuntun, wọ́n á wá tẹ ọ̀pọ̀ jáde láti ara rẹ̀. Irú èyí lè ní lẹ́tà tó mú. Ohun tó ń tú wọn fó ni ọgbẹ́. Bí owó àkọ́kọ́ bá ní ìlà kékeré kan lẹ́rẹ̀kẹ́ ọba, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló máa ní ìlà yẹn níbì kan náà. Owó méjì ò lè gba ọgbẹ́ kan náà láyé. Torí náà, bí oníṣòwò bá ní ju ẹyọ kan lọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Wọ́n tún máa ń fi oògùn sọ owó di dúdú kó lè dàgbà lójú. Dúdú àtọwọ́dá máa ń dọ́gba níbi gbogbo, ojú kan àti ìkejì á bára mu, tàbí kí inú lẹ́tà dúdú kirikiri nígbà tí òkè ń dán. Ó tún máa ń jókòó sórí ìlà kànrìnkàn. Bí ẹ bá rí ìlà ìfọ̀ lábẹ́ àwọ̀ dúdú, ẹnìkan ti bó owó náà, ó sì ti kùn ún padà.

## Owó méjì tó ń da ọlọ́gbọ́n láàmú

Àkọ́kọ́ ni dọ́là ńlá tó ní orí Maria Theresa, ọbabìnrin ilẹ̀ Ọ́síríà, tó dé Kánò àti Bọ̀rọ̀nú láyé òwò aṣálẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ní ọdún 1780, ọdún tí obìnrin náà kú. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Lárúbáwá àti Etiópíà fọkàn tán owó náà débi pé wọn kì í fẹ́ gba èyí tó bá ní ọdún mìíràn. Nítorí náà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ pẹ̀lú ọdún 1780, ní Vienna, lẹ́yìn náà ní Róòmù, Lọ́ńdọ̀nù, Paris, Brussels, Birmingham àti Bombay, títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé tirẹ̀ ti lé ní 240 ọdún, ó ṣeé ṣe kó má purọ́, kó kàn má mọ̀ ni. Owó náà jẹ́ ojúlówó bó bá wọn gíráàmù 28.07, tí fàdákà rẹ̀ tó ìdá 833 nínú 1,000, tí etí rẹ̀ sì ní IUSTITIA ET CLEMENTIA tó yọ sókè ketekete. Ayédèrú kì í sábà rí etí yẹn ṣe.

Ìkejì wá láti Brazil. Láti ọdún 1810, ìjọba ibẹ̀ ń kó dọ́là Spéènì wọlé, wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ tiwọn lé e lórí, wọ́n sì ń sọ ọ́ di 960 réis, ní Rio, ní Minas, àti ní Bàhíà níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lọ lẹ́rú. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ lè rí lẹ́tà Spéènì tó kù lábẹ́ ti Brazil, tàbí imú ọba Spéènì tó ń yọ lábẹ́ àgbélébùú. Ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ á ní ó ti bàjẹ́ tàbí pé ayédèrú ni. Àmì yẹn gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀, àwọn olùkówójọ sì máa ń san ju bó ṣe yẹ lọ fún èyí tí lẹ́tà àtijọ́ rẹ̀ hàn kedere.

## Èló ni, ibo la sì lè gbé e lọ?

Iye méjì ni owó fàdákà ní. Èkíní ni iye fàdákà inú rẹ̀. Ṣílè kan tó pé ìwọ̀n ní fàdákà gíráàmù 5.23, áúńsì tí wọ́n fi ń ta fàdákà jẹ́ gíráàmù 31.1. Ṣílè mẹ́fà ló máa fún yín ní áúńsì kan àti díẹ̀. Èkejì ni iye tí olùkówójọ máa san nítorí ọdún rẹ̀, bó ṣe wọ́n tó, àti ojú rẹ̀. Fífọ kì í fi kọ́bọ̀ kan kún èkíní, ó sì máa ń ba èkejì jẹ́. Owó tó gbó pátápátá kò ní ju èkíní lọ. Ti owó tí ojú rẹ̀ pé, ẹ má jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ fi òṣùwọ̀n nìkan rà á lọ́wọ́ yín.

Àwọn oníṣòwò wúrà kan ní ẹ̀rọ tó ń tan ìtànṣán sára owó, tó sì ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n òkè ló ń kà. Ó lè pe idẹ tí wọ́n da fàdákà nípọn bò ní fàdákà. Ẹ fi ìdánwò omi kún un. Bí owó bá wà nínú páálí PCGS tàbí NGC, ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lórí ìkànnì wọn, kí ẹ sì fi àwòrán tí wọ́n yà síbẹ̀ wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín, torí wọ́n ń ṣe ayédèrú páálí náà. Lọ́wọ́ oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè àwòrán ojú méjèèjì, ti etí, àti ti owó náà lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá kọ̀ láti ya etí rẹ̀, ẹ fi owó rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

## Ẹni tó ti fọ tirẹ̀ ńkọ́?

Ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan án kí ọsàn tàbí ọṣẹ tó kù lára rẹ̀ lè lọ, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi gbẹ. Bí ọ̀rá rọ́bà bá ti fi nǹkan tó ń yọ̀ sí i lára, ojúlówó acetone, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti po òróró àti lọ́fínńdà mọ́ fún èékánná, lè tú u láìkan fàdákà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, kí iná má sí nítòsí. Lẹ́yìn náà, ẹ kó owó náà sínú àpò ìwé tí kò ní ásíìdì tàbí rọ́bà líle tí wọ́n ṣe fún owó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, níbi tó gbẹ. Etí ni kí ẹ máa fi ọwọ́ dì í mú.

Ẹ má fi ẹyin sísè tàbí oògùn kankan sọ ọ́ di dúdú padà. Olùkówójọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa rí ìlà ìfọ̀ lábẹ́ rẹ̀, á sì rò pé ẹ fẹ́ tan òun jẹ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú ìwé, afẹ́fẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní àwọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdún mélòó kan ló máa gbà kí yẹ́lò àkọ́kọ́ tó yọ létí rẹ̀.